Èmi ni fọ́máànù, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ mi

Bí ẹ bá yà sí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìgbógbó tàbí lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́, tí ẹ ní kí wọ́n bá yín pe ọ̀gá ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni wọ́n máa pè. Fọ́máànù ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ máa rí i pé n kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì lè lé ẹnikẹ́ni lọ. Bíríkìlà ti bá onílé dúnàá-dúrà tiẹ̀ kí n tó dé. Àbúrò onílé ló mú bàbá tó ń di irin wá. Orí títì la ti ń kó àwọn lébìrà láàárọ̀, bí wọ́n bá sì gbọ́ lọ́la pé owó Ọdọ́gunyàn fi díẹ̀ ju tiwa lọ, ó dàbọ̀ nìyẹn. Onílé wà ní Kánádà. Owó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹnjiníà ń yọjú nígbà tí àyè bá gbà á. Òjò ò sì bá ẹnì kankan ṣàdéhùn. Síbẹ̀, bí dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ tó jẹ́ ilẹ̀ àjà òkè, bá sán, orúkọ tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Pákó tí a ń tẹ́ fún dẹ́kìn, tí a ń fi ọparun tì lábẹ́, òun ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ní kí n máa bójú tó àwọn yòókù. Iṣẹ́ ò wọ́n ní Ìkòròdú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà BRT láti Mile 12 wá síbí ní 2015, ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ilẹ̀ Kétu mọ́ ń wá ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà mo ti bá oríṣiríṣi èèyàn ṣiṣẹ́, mo sì ti rí bí èèyàn ṣe lè kó àwọn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n kọ́ ilé tó dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí Bàbá Onírin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń di irin kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú. Àwọn tó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn kún gbogbo Ìkòròdú. Ní sáìtì tí a ti kọ́kọ́ pàdé, pílánì ní kí àlàfo láàárín irin kan sí èkejì jẹ́ 150 mìlímítà. Ojú ni Bàbá fi ń wọ̀n ọ́n, níbòmíràn ó ti tó 200. Kí ni kí ọmọ tí wọ́n lè bí ṣe? Bí mo bá sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, mo ti rí wọn fín. Bí mo bá sì dákẹ́, lọ́jọ́ kan dẹ́kìn á sọ ọ́.

Mo jí dé sáìtì kí àwọn ọmọ náà tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tà á létí títì, a jọ jẹun. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ pílánì sórí búlọ́ọ̀kù. Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi wo ibí yìí. Ẹnjiníà ń bọ̀ wá fi tépù wọ̀n ọ́n, n ò sì fẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ sí wa.” Wọ́n wò ó, ó pẹ́. Wọn ò fèsì. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, ohùn Bàbá ni mo gbọ́ tó ń lọ sókè: “Ta ló ní kí ẹ ya irin yìí síra tó báyìí? Ẹ tú u!” Ó tán.

Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà, ní ojo ni mí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń darí gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. N kì í bá wọn jiyàn. Irin kì í bi èèyàn léèrè ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n tó tò ó dáadáa.

Ohun tí n kò retí ni pé láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ilé kíkọ́ mọ̀ pé inú yàrá, ìsàlẹ̀ dẹ́kìn ni irin tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ ń wà. Ṣùgbọ́n bákónì tó yọ síta láìsí opó lábẹ́ rẹ̀, òkè ni irin tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí pé òkè rẹ̀ ni ìwúwo ń fà bí ẹni fẹ́ fà á ya. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń ka bísíkíìtì, ìyẹn àwọn sìmẹ́ńtì pélébé tí a fi ń gbé irin kúrò lórí pákó. Bàbá ń wò mí. Wọ́n ní, “O tẹjú mọ́ irin. Ta ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ lébìrà?” Wọ́n ní ẹni tó ru páànù kọnkéré lé orí kò lè wo ilẹ̀, á kàn tẹ irin bákónì mọ́lẹ̀ ni, yóò dé ìsàlẹ̀, kọnkéré á bò ó, ojú ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́ títí bákónì á fi já. Láti ìgbà náà, kí páànù kan tó gòkè, a ti tẹ́ pákó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà, a sì ti gbé irin ìdúró sábẹ́ irin òkè. Kò sí lórí pílánì kankan tí wọ́n tíì gbé fún mi. Ká ní mo ti bú Bàbá lọ́jọ́ kìíní, ta ló máa sọ ọ́ fún mi?

Ọ̀rọ̀ owó ló ń ba orúkọ fọ́máànù jẹ́ jù. Àbúrò onílé lè pa fóònù ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn èèyàn sì yí ẹ ká bí ẹni pé ìwọ lo jẹ wọ́n. Ọ̀pọ̀ fọ́máànù á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, owó ti wà nílẹ̀.” Owó ò sí nílẹ̀! Èmi pinnu pé n kò ní fi ẹnu mi ṣe ìlérí owó tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bá gbọ́ gan-an ni mo ń sọ: “Mo pè é ní aago mẹ́rin, ó ní báńkì ò tíì san án fún òun.” Nígbà mìíràn mo máa ń gbé fóònù sí gbangba kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Wọ́n lè bínú, ṣùgbọ́n wọn ò ní pè mí ní òpùrọ́, torí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bá sọ pé owó ti dé, wọn kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣẹ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi lórí owó, mo sì ń lò ó: èmi ni mo ń sọ ọjọ́ tí a ó da dẹ́kìn. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo onílé tó bá pè mí, kí n tó bẹ̀rẹ̀, pé owó àwọn tó ń po kọnkéré gbọ́dọ̀ wà ní sáìtì kí ẹ́ńjìnnì tó dún láàárọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ “mo ń bọ̀ lọ́nà.” Kọnkéré tó ti wà nílẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i nípa ọjọ́ náà, torí ibẹ̀ ni ó ti ń hàn bóyá àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé ẹ ní tòótọ́. Àwọn alámísà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mísà po kọnkéré, máa ń kó ara wọn wá ni, tàwọn ti ọ̀gá wọn. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn kan wá láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn obìnrin sì wà tó ń ru omi. Iye àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n bá pò la fi ń san owó wọn. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí wọ́n bá yára, wọ́n tètè relé, bí kọnkéré bá sì ṣàn bí ẹ̀kọ, ó ń yọ́ kúrò nínú páànù fúnra rẹ̀, ọrùn á sinmi. Nítorí náà kò sí bí o ṣe lè pariwo tó, bí ẹ̀yìn rẹ bá ti yí padà, wọn yóò bu omi sí i. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí a ṣe ń san owó wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, n kò sì lágbára láti yí i padà, torí gbogbo Èkó bẹ́ẹ̀ ni.

Ìwọ̀n tí a ń lò ni 1:2:4. Lọ́dọ̀ wa, àpò sìmẹ́ńtì kan, páànù yanrìn mẹ́rin, páànù gírànáìtì mẹ́jọ. Ìyẹn rọrùn láti kà. Omi ni kò ṣeé kà, nítorí pé ó ní bí yanrìn ọjọ́ náà ṣe tutù tó. Omi tó bá sì pọ̀ ju èyí tí sìmẹ́ńtì nílò lọ, ńṣe ló máa gbẹ kúrò nínú kọnkéré bó bá yá, ihò wínníwínní á kù sí ibi tó ti kúrò. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún àwọn alámísà. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n sì ń bu omi.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni èyí. Ní sáìtì kan mo mú kọnkéré tí wọ́n pò dáadáa, mo rọ ọ́ sínú ike kan, mo mú èyí tó ṣàn, mo rọ ọ́ sínú ike kejì, mo sì ń bu omi lé àwọn méjèèjì lójoojúmọ́. Nígbà tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, mo yọ wọ́n. Mo kó wọn dé sáìtì tó tẹ̀ lé e, mo gbé òòlù sí ẹ̀gbẹ́ wọn, n kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Bẹ̀nẹ̀ kan, tí Yorùbá rẹ̀ ò tíì dán mọ́rán, ló kọ́kọ́ gbé òòlù. Ó lu ọ̀kan, òòlù ta padà. Ó lu èkejì, igun rẹ̀ fọ́, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè wọn. Gbogbo wọn lù ú. Ọ̀gá wọn lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa bu omi sínú mísà, kí ó sì jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ó yan ẹni náà. Bí elòmíràn bá gbé korobá súnmọ́ mísà báyìí, àwọn gan-an ló ń kígbe pé, “Omi ti tó!”

(Àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ ní ìlànà ju tèmi lọ. Wọ́n ń rọ kọnkéré sínú àpótí irin olórígun mẹ́rin tó jẹ́ 150 mìlímítà lọ́nà gbogbo, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́ ọ ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Onílé tó bá lówó rẹ̀, kó ṣe é. Ike tèmi, ti kí èèyàn fojú rí i ni.)

Ohun kejì tí a ń mójú tó lọ́jọ́ náà ni ibi tí a ó ti dúró bí ewu bá dé. Òjò lè dé, mísà lè kú, ẹnì kan lè ṣubú. Kọnkéré ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín wákàtí kan sí méjì, pàápàá nínú oòrùn, nítorí náà ibi tí o bá ti dúró, ojú àpá ni ibẹ̀ á jẹ́. Àpá náà ò gbọdọ̀ bọ́ sí ibi tí dẹ́kìn ti pàdé bíìmù, ìyẹn igi àjà oníkọnkéré tó gbé dẹ́kìn dúró. Àárín yàrá ni ẹnjiníà máa ń ní kó wà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, tí gbogbo èèyàn ń sáré, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bíìmù? Nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa ń kó ọ̀gá alámísà, bíríkìlà, Bàbá Onírin àti káfíńtà jọ sórí pákó, a ó jọ wo ibẹ̀, a ó jọ fohùn ṣọ̀kan, a ó so okùn pupa mọ́ ọn. Ìgbà tí ara tutù la ń ṣèpinnu, ọjọ́ kejì a kàn ń tẹ̀ lé okùn ni.

Ọjọ́ kan dé tí èmi gan-an ò sí lórí dẹ́kìn nígbà tí òjò ṣú. Ìsàlẹ̀ ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀. Wọ́n wá gba owó dẹ́kìn, bí wọ́n ti gba owó ìpìlẹ̀. Ìjọba Èkó ti ṣòfin láti 2016 pé kí ẹnikẹ́ni má fi tipátipá gba irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mísà ń yí lọ́wọ́, òfin jìnnà sí géètì. N kì í dúnàá-dúrà fún onílé. N kò ní àṣẹ rẹ̀. Mo fún wọn ní àga àti omi tútù, mo pe àbúrò onílé, mo sì dúró síbẹ̀ kí àwọn tó wà lókè má bàa sọ̀kalẹ̀ wá jà. Nígbà tí mo máa gòkè, òjò ti ń ta. Ọ̀gá alámísà ti dá ẹ́ńjìnnì dúró, wọ́n ti gbé pákó kọ́ sí ojú okùn pupa, wọ́n ti rọ kọnkéré dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́, tapólì ti wà lórí rẹ̀. Bíríkìlà àti àwọn lébìrà méjì jókòó sórí etí tapólì kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Wọ́n ò bá mi sọ ọ́, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn bọ́ọ̀lù.

Mélòó ni ohun tí mo ń rin kinkin mọ́? Ipò irin, omi, ojú okùn, àti ọjọ́ tí a ó yọ igi abẹ́ dẹ́kìn. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dà, orin tí wọ́n ń kọ, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń pò, ìgbà tí wọ́n fẹ́ mu gaàrí, n kì í dá sí i. Mo mọ fọ́máànù kan tó máa ń bá lébìrà jà lórí bó ṣe di ṣọ́bìrì mú. Fọ́máànù tó ń pariwo lórí gbogbo nǹkan dà bí rédíò inú ṣọ́ọ̀bù báábà: ó ń sọ̀rọ̀, oníkálukú ń bá tiẹ̀ lọ.

Ìlú náà ní ọjọ́ tiẹ̀ tí a ò lè bá a dù. Nígbà ọdún Màgbó, wọ́n ń kéde ọjọ́ Orò tí obìnrin ò gbọdọ̀ jáde ní Ìkòròdú. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa ru omi, ta ló máa se oúnjẹ? Bí onílé bá ń pariwo láti Kánádà pé iṣẹ́ ń falẹ̀, kó máa pariwo. Mo ń bi àwọn ọmọ ìlú léèrè kí n tó dá ọjọ́.

Onílé gan-an ńkọ́? Òun ló ní ilé, kò sí bí mo ṣe lè pàṣẹ fún un. Ọ̀kan ní kí n yọ opó kan kúrò torí pé kò jẹ́ kí páálọ̀ òun gbòòrò. N kò bá a jà lórí fóònù. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé n kò lè yọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnjiníà fọwọ́ sí pílánì tuntun, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ẹnjiníà àti àbúrò rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ tí ẹni mẹ́ta rí, ó máa ń mú ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ láti ronú. Ẹnjiníà kọ̀, opó dúró.

Níbòmíràn, ẹnikẹ́ni ò kọ̀, wọ́n fẹ́ fi àjà kan kún ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò gbà á. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ. Fọ́máànù mìíràn gba iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n jẹ mí níbẹ̀ sì wọlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, nígbà tí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, tó pa èèyàn tó lé ní 40, tí ẹni tó ń kọ́ ọ náà wà nínú wọn, a wá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ẹnjiníà kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà ti kọ̀wé yọwọ́ ní 2020. Fọ́máànù ò ní lẹ́tà tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ ló ní.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. A da dẹ́kìn kan ní Ìgbógbó, mo sì bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn ní Ìjẹ̀dẹ́. Pákó àti igi abẹ́ rẹ̀, àyálò ni, ojoojúmọ́ ni owó ń gun orí rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò onílé fi dé sáìtì, ó ní kí àwọn ọmọ yọ gbogbo rẹ̀. Òun ló ń san owó wọn, èmi ò sí níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ káfíńtà dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Onírin ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún.” Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, èmi ni mo sọ ọ́. Ọmọ náà gbọ́n: ó mọ orúkọ tí àbúrò onílé ò ní lè bá jiyàn. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá lórí fóònù láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, Bàbá ní òótọ́ ni, kí wọ́n tún máa bu omi lé dẹ́kìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ pé, a yọ ọ́. Àárín yàrá la ti bẹ̀rẹ̀, a ń bọ̀ síhà ògiri. Ti bákónì la fi ṣe ìkẹyìn, láti etí rẹ̀ wọnú ilé. Bàbá dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń wòkè. Owó àyálò pákó náà ṣì ń dun àbúrò onílé títí di òní.